Ta Ló Mọ Agboolé Ṣọ́jà Yìí?

 Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ nǹkan kan nípa ìtàn sínú ìwé ìròyìn wa, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó lọ sí Ogun Hitler tí wọn ò padà wálé ni mo fẹ́ sọ. Kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ "Bọ́mà" rí nínú wa lẹ́nu àwọn bàbá wa àgbà. Àmọ́ ibo gan-an ni wọ́n sin àwọn tó kú síbẹ̀ sí? Ta ló sì mọ̀ wọ́n?

Bọ́mà yẹn ni ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí. Bí ènìyàn bá kúrò ní ìlú Yangon tó kọjú sí àríwá, tó rìn tó nǹkan bí kìlómítà 35, yóò kan itẹ́ òkú àwọn ológun kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Taukkyan. Sàréè 6,374 ló wà níbẹ̀ láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nínú wọn, 867 ni kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹni tó sùn síbẹ̀. Wọ́n tún mọ òpó ńláńlá síbẹ̀, wọ́n sì fín orúkọ àwọn tí kò ní sàréè tí a mọ̀ sí i lára. Orúkọ wọ̀nyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000. Àwọn ọmọ ogun Íńdíà pọ̀ nínú wọn lọ́pọ̀lọpọ̀, àmọ́ àwọn tiwa náà wà ńbẹ̀, àti ti Gánà, Sàró àti Gáḿbíà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé nítorí gbogbo ọmọ ènìyàn tó wà lómìnira ni wọ́n ṣe kú. Gẹ̀ẹ́sì, èdè Bọ́mà, Hindi, Urdu àti Gurmukhi ni wọ́n fi kọ ọ́. Kò sí Yorùbá ńbẹ̀, kò sí Haúsá, kò sí Igbo. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.

Báwo làwọn ọmọ wa ṣe débẹ̀? Ní 1943, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan jọ ní Nàìjíríà níbí tí wọ́n pè ní Division 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Aláǹtakùn ni àmì tó wà lára báàjì wọn. Division 82 tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Gbogbo ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó rékọjá òkun lọ sí Éṣíà á tó nǹkan bí 90,000. Àfonífojì odò Kaladan, ní ilẹ̀ Arakan, ni wọ́n rán Division 81 lọ. Igbó kìjikìji, òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà ò tó nǹkan. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, ọkọ̀ òfuurufú ló sì ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn látòkè.

Ẹni tó bá kú nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á wa ilẹ̀ díẹ̀ bí àyè bá wà, wọ́n á fi igi sàmì sí i, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á tẹ̀ síwájú. Òjò ibẹ̀ kì í ṣe òjò kékeré. Nígbà tí ogun parí, tí wọ́n ní kí wọ́n wá àwọn òkú kiri, igi ti jẹrà, igbó ti bo ojú ibẹ̀. Àwo kékeré méjì ni ṣọ́jà kọ̀ọ̀kan máa ń so mọ́rùn, orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ ló wà lára wọn: wọ́n á yọ ọ̀kan lọ fi ròyìn ikú rẹ̀, ìkejì á bá a sùn. Kì í ṣe irin ni wọ́n fi ṣe é, omi a máa bà á jẹ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún hú òkú láti itẹ́ mẹ́rin tó jìnnà, ní Akyab, Mandalay, Meiktila àti Sahmaw, kó lọ sí Taukkyan, torí pé ó ṣòro láti dé ibẹ̀ tọ́jú wọn. Ẹ wo iye ìgbà tí orúkọ ènìyàn lè sọnù.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan fi ṣe àpẹẹrẹ. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ológun ní 1942 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 16. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ṣọ́jà Japan yọ sí wọn létí odò Kaladan. Ìbọn ba Isaac lẹ́sẹ̀. Òun àti ọmọ Sàró kan, David Kargbo, nìkan ló kù nínú igbó. Àgbẹ̀ kan, Mùsùlùmí ará ibẹ̀ tó ń jẹ́ Shuyiman, ló gbé wọn pa mọ́ sílé ara rẹ̀, tòun ti pé àwọn ará Japan lè pa á tìyàwó tọmọ. Oṣù kejìlá ọdún yẹn ni àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì tó padà kàn wọ́n. Isaac wálé, ó ṣiṣẹ́, ó bímọ, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé tó jáde ní 1999. Ní 2011, akọ̀ròyìn kan, Barnaby Phillips, mú lẹ́tà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí Shuyiman ní Arakan. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Isaac kú ní Èkó.

Àwọn tí wọ́n jọ wà létí odò lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Isaac wà láàyè, ó lè dárúkọ wọn fún wa. Ká ní Shuyiman ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ńkọ́?

Orúkọ tó tiẹ̀ wà lára òpó yẹn, ṣé orúkọ tó ṣeé tọpa ni? Àwọn akọ̀wé ológun kì í fẹ́ wàhálà. Bí ọmọ kan bá dé iwájú wọn, orúkọ kan ni wọ́n á kọ, wọ́n á sì fi ìlú rẹ̀ ṣe orúkọ bàbá rẹ̀. Ẹ rí i bí ènìyàn ṣe lè di Ọ̀jọ̀ Ìbàdàn tàbí Láwànì Ìlọrin. Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀jọ̀ mélòó ló wà n'Íbàdàn? Lọ́dọ̀ tiwa, bí a bá fẹ́ mọ ènìyàn, agboolé rẹ̀ la ó bèèrè, a ó bèèrè oríkì rẹ̀. Kò sí àyè fún ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù wọn. Nítorí náà orúkọ wà lára òkúta o, ilé bàbá rẹ̀ ò sì mọ̀ pé òun ni.

Ti ogun tó ṣáájú, ti 1914 sí 1918, tún burú ju èyí lọ. Àwọn ọmọ Nàìjíríà jà ní Kamẹrúùnù, wọ́n sì jà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1917 ni wọ́n dá àjọ tí à ń pè ní Commonwealth War Graves Commission lónìí sílẹ̀, òfin wọn sì ni pé kò sí ọ̀gá, kò sí ọmọṣẹ́ nínú ikú: ọgbọọgba ni kí wọ́n ṣe fún gbogbo òkú. Ní ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti tẹ̀ lé òfin yẹn. Ní 1923, Guggisberg tó jẹ́ Gómìnà Gold Coast sọ fún àjọ náà pé òkúta orí sàréè kò lè yé àwọn ará ibẹ̀, wọn ò sì ní mọyì rẹ̀. Àwa tí à ń sin òkú sínú ilé tí à ń gbé!

Ẹni tó máa ń bá àjọ náà kọ ọ̀rọ̀ sára òkúta ni Rudyard Kipling, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì. Òun ló ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí sàréè ẹni tí a kò mọ̀ pé Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Òun náà ló kọ èyí tó wà lára ère àwọn ṣọ́jà àti àwọn aláàárù Áfíríkà ní Nairobi, pé bí ẹ bá tilẹ̀ kú níbi tí ẹ ti ń jà fún ilẹ̀ yín, àwọn ọmọ yín yóò rántí orúkọ yín. Ẹ wá wo ère náà yíká, kò sí orúkọ ẹyọ kan lára rẹ̀.

N kò fi Kipling ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọmọ tirẹ̀, John, kú sójú ogun ní ilẹ̀ Faransé ní 1915, ó wá òkú rẹ̀ títí, kò rí i, òun náà kú ní 1936. Ọdún 1992 ni àjọ náà tó sọ pé sàréè kan báyìí ni ti John, lẹ́yìn tí wọ́n rí i pé ẹni tó kọ nọ́ńbà máàpù ibi tí wọ́n ti hú òkú náà ṣì í kọ. Àwọn kan ṣì ń jiyàn rẹ̀. Èyí tó kàn wá níbẹ̀ ni pé inú ìwé ni wọ́n ti wá a rí. Níbi tí kò bá sí ìwé, ẹbí ló kù. Ní Fromelles, ilẹ̀ Faransé kan náà, wọ́n hú òkú 250 ní 2009, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Australia tó kú ní 1916. Àwọn ìbátan wọn jáde wá ṣe àyẹ̀wò DNA. Nígbà tó fi di 2010, orúkọ 75 ti jáde, ó sì ti ju 160 lọ báyìí.

Ní 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ gbé ìwádìí jáde. Wọ́n ní ó kéré tán, 116,000 ènìyàn tó kú fún Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun àkọ́kọ́, tó sì ṣeé ṣe kó tó 350,000, ni wọn ò kọ orúkọ wọn síbì kankan tàbí tí wọn ò rántí rárá, pàápàá jù lọ àwọn ọmọ Áfíríkà àti Íjíbítì. Wọ́n tọrọ àforíjì. Mínísítà ètò ààbò Gẹ̀ẹ́sì náà tọrọ tirẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn. Àforíjì dára. Àmọ́ àforíjì ò mọ agboolé ẹnikẹ́ni.

Àwa la mọ̀ ọ́n. Orúkọ àwọn tó wà ní Taukkyan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àjọ náà, ẹnikẹ́ni lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ẹbí tó bá sì ní ẹ̀rí lè kọ̀wé sí wọn kí wọ́n tún èyí tí wọ́n ṣì kọ ṣe. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju èyí lọ: bí a bá fẹ́ pàdé lọ́dún tó ń bọ̀, kí oníkálukú bi àgbà tó kù nílé rẹ̀ léèrè ẹni tó lọ sí Bọ́mà tí kò bọ̀. Ẹ kọ orúkọ àbísọ rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè é lójú ogun bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, agboolé, oríkì, ọdún tó kúrò nílé. Bí lẹ́tà ológun bá wà nínú àpótí, tàbí fọ́tò, ẹ mú un wá, ì báà jẹ́ pé ikán ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti gbà láti ra ìwé ńlá kan tí a ó máa kọ wọ́n sí.