Akinrele, Òṣòdì àti Gàrí Tí À Ń Mu

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí mo kọ́ ní kẹ́mísìrì rí, lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ra gàrí lọ́jà Agége. Mo bi ìyá alágàrí pé ọjọ́ mélòó ni ẹ̀gẹ́ yìí fi wà nínú àpò kí wọ́n tó yan án. Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ta ló ráyè ọjọ́ mẹ́ta mọ́? Àárọ̀ la rin ín, ìrọ̀lẹ́ la yan án."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi rántí ìtàn kan.

Tẹ́ ẹ bá gba títì Agége Motor Road, tẹ́ ẹ kọjá Ìkẹjà, ẹ ó dé Òṣòdì. Níbẹ̀ ni ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí à ń pè ní FIIRO wà láti ọdún 1956. I. A. Akinrele wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ lórúkọ níbẹ̀, oúnjẹ tiwa-n-tiwa ló sì gbájú mọ́.

Ẹ rántí pé májèlé ń bẹ nínú ẹ̀gẹ́. Linamarin ló gbé e pamọ́. Bí èyí bá fọ́, sáyánáìdì ló ń jáde. Àwọn ìyá wa ò mọ orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iṣẹ́ wọn: wọ́n á rin ẹ̀gẹ́, wọ́n á dì í sápò, wọ́n á gbé òkúta lé e, á kan fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á yan án.

Lọ́dún 1959, Collard àti Levi kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé ìpele méjì ni kíkan náà. Kòkòrò àìfojúrí kan á kọ́kọ́ sọ sítáàṣì di ásíìdì, ásíìdì yìí á tú májèlé sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, òmíràn á fún gàrí ní òórùn rẹ̀. Lọ́dún 1964, Akinrele gbé ìwádìí tirẹ̀ jáde. Ó fi hàn pé téèyàn bá po omi ẹ̀gẹ́ tó ti kan tẹ́lẹ̀ mọ́ tuntun, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lè parí ní bí ọjọ́ kan. Òun náà ló ṣiṣẹ́ lórí ògì, nígbà tí FIIRO ń po ẹ̀wà sóyà mọ́ ọn kí ara àwọn ọmọdé lè dá.

Ṣé gbogbo ohun tí wọ́n rò nígbà náà ló dúró? Rárá o. Àwọn tó tẹ̀lé wọn rí i pé kì í ṣe ásíìdì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀, tó ń gbé lọ́tọ̀ sí linamarin. Rírin ló ń mú wọn pàdé. Ṣùgbọ́n ìpàdé náà ń fẹ́ àkókò. Iná agbada ń pa ẹ́ńsáìmù yìí. Bí a bá kánjú yan án, ohun tí kò tíì fọ́ lè kù síbẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Ìdáhùn sí ìkánjú ìyá alágàrí ti wà lójú títì kan náà láti 1964, kò sì tíì dé etí rẹ̀. Mo padà lọ, mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, "Omi tí à ń dà nù yẹn kẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun á gbìyànjú ẹ̀ wò.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti ṣàlàyé fún?