Ọ̀fìnkìn Ọdún 1918 àti Òtútù Àyà Tó Tẹ̀lé E

Ọmọ ọwọ́ àti arúgbó ni ọ̀fìnkìn líle sábà máa ń pa, ṣùgbọ́n èyí tó jà káàkiri ayé lọ́dún 1918 kó àwọn géńdé ọmọ ogún sí ogójì ọdún lọ rẹpẹtẹ. Òtútù àyà tó gorí ọ̀fìnkìn náà ló pa púpọ̀ nínú wọn.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, William Welch, ọ̀kan lára àwọn àgbà oníṣègùn Amẹ́ríkà, dé Camp Devens, àgọ́ àwọn ọmọ ogun nítòsí Boston. Ilé ìwòsàn ibẹ̀ ti kún àkúnya. Etí àti ètè àwọn aláìsàn ń dúdú bí aró, àwọ̀ náà a sì ràn títí yóò fi gba gbogbo ojú. Wọ́n ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹlòmíràn kò lò ju ọjọ́ méjì lọ. Nígbà tí wọ́n la àyà òkú, ẹ̀dọ̀fóró tó yẹ kó fúyẹ́ ti wú, ó wúwo, omi àti ẹ̀jẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Welch, tó ti yẹ òkú wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àrùn tuntun ni.

Oṣù yẹn kan náà ni ọ̀fìnkìn náà wọ Èkó. Ọkọ̀ òkun gbé e dé, rélùwéè sì gbé e lọ sí àwọn ìlú òkè. Nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni wọ́n fojú bù pé ó pa ní Nàìjíríà.

Láti 1892 ni Richard Pfeiffer ti Jámánì ti sọ pé bakitéríà kan ló ń fa ọ̀fìnkìn. Lọ́dún 1918, àwọn oníṣègùn rí i lára òkú kan, wọn kò rí i lára òmíràn. Ohun tí Pfeiffer rí wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yìn ni ó dé. Ní 1933, ní London, Wilson Smith, Christopher Andrewes àti Patrick Laidlaw mú omi tí aláìsàn fi fọ ọ̀fun, wọ́n fi asẹ́ tí bakitéríà kò lè gbà kọjá sẹ́ ẹ, wọ́n kán an sí imú ẹranko ferret. Àwọn ẹranko náà dùbúlẹ̀ àìsàn. Báyìí ni ọwọ́ tẹ fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ọ̀fìnkìn.

Ẹ̀dọ̀fóró àwọn kan tó kú lọ́dún 1918 ṣì wà ní ìpamọ́. Ní 2008, David Morens, Jeffery Taubenberger àti Anthony Fauci gbé àbájáde àyẹ̀wò ti ènìyàn 58 jáde: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí kò ní àmì òtútù àyà bakitéríà. Fáírọ́ọ̀sì ló ba awọ tó bo inú ọ̀nà èémí jẹ́. Àwọn bakitéríà tó ti ń gbé imú àti ọ̀fun jẹ́jẹ́ ló gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Penicillin, tí ì bá gba ọ̀pọ̀ wọn là, ó tún ku ọdún mẹ́wàá gbáko kí Alexander Fleming tó ṣàwárí rẹ̀.