Ibi tí Okùn Gìtá ti Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin òbí wa, bí ọmọ yín bá ń ta gìtá tí ohùn rẹ̀ kò gún, ẹ má tètè sọ pé kò létí orin. Ó lè jẹ́ pé gìtá gan-an ló ní àléébù, ọ̀rọ̀ náà sì ti pẹ́ nílẹ̀.

Ní ọdún 1581, Vincenzo Galilei ará Ítálì, bàbá Galileo onímọ̀ ìràwọ̀, tẹ ìwé jáde nípa orin. Ó kọ́ àwọn tó ń ṣe lute, ohun èlò olókùn tó jọ gìtá, pé kí wọ́n pín gígùn okùn sí ọ̀nà 18, kí fret kìíní wà ní òpin ìpín kan. Kí wọ́n tún pín èyí tó kù sí 18 fún ìkejì, títí lọ. Ìṣirò òde òní fi hàn pé 17.817 ló tọ́. Lórí okùn tó gùn ní mìlímítà 650, fret kejìlá Galilei kò dé ìdajì. Ó fi nǹkan bíi mìlímítà 2.4 dín. Ṣùgbọ́n ìfun ẹran tí a so mọ́ ọrùn ni fret lute. Olórin lè sún un. Nígbà tí wọ́n wá kan irin mọ́ igi, sísún parí.

Ìṣòro kejì tún wà. Bí onídùndún bá fún ọsán, awọ a le, ohùn a ròkè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìka tó tẹ okùn mọ́ fret ṣe ń fà á le. Bí nut, egungun tàbí ike kékeré tó gbé okùn dúró ní òkè ọrùn, bá ga jù, ohùn fret kìíní ni yóò ga jù lọ. Àwọn oníṣẹ́ kan máa ń sún nut mọ́ fret kìíní díẹ̀ kí ohùn lè bára mu. Àwọn mìíràn ń fi zero fret síwájú nut: okùn tí a kò tẹ̀ yóò jókòó sórí irin bíi ti ìyókù, nut kàn ń ya okùn sọ́tọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni gìtá Selmer ti Paris rí láti 1932, irú èyí tí Django Reinhardt ta. Ṣùgbọ́n zero fret náà lè jẹ nígbà tó bá pẹ́.

Ẹ yẹ gìtá ọmọ yín wò. Ẹ tún okùn kan ṣe, kí ẹ tẹ fret kìíní, lẹ́yìn náà ìkejìlá. Bí ìkejìlá bá gún tí ìkíní ga, nut ni kí ẹ ní kí oníṣẹ́ gbẹ́ wálẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni. Kò yẹ kí ó lé ọmọ kúrò nídìí orin.