Ọmọ Ta Ni Adam?

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá wá sí ìlú wa, Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ẹ múra sílẹ̀ o. Ìlú onílù ni. Ọmọ Àyàn á bi yín ní orúkọ àti ilé baba yín, kó tó pẹ́, dùndún á ti máa ki bàbá ńlá yín. (Owó á jáde lápò, dandan ni.) Mo ti rò pé kò sọ́mọ tí a ò lè mọ orírun rẹ̀, àfìgbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Adam.

Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, wọ́n rí òkú ọmọkùnrin kan nínú odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó tó bí ọmọ ọdún márùn-ún. Wọ́n ti pa á. Kò lórí, kò lápá, kò lẹ́sẹ̀. Ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ ọsàn ló wà lára rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Jámánì. Kò sẹ́ni tó wá béèrè rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ló pè é ní Adam. Mandela pàápàá bẹ ará ayé ní 2002 pé kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀. Ètùtù ni àwọn oníròyìn gbájú mọ́. Èmi, ìdílé ọmọ yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Ẹni tí kò lójú, tí kò ní ìka, báwo la ṣe fẹ́ mọ ilé wọn? DNA tí ọmọ ń gbà lọ́dọ̀ ìyá ló kọ́kọ́ tọ́ka sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n bi egungun léèrè. Bó ṣe yé mi nìyí: ohun tó wà nínú àpáta ń wọ inú ilẹ̀, ó ń bá omi àti iṣu wọ inú wa, a sì kù sínú egungun. Strontium wà lára irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tilẹ̀ kan kì í sì í rí bí tòmíràn. Ní 2002, àwọn oníwàádìí wá kó òkúta àti erùpẹ̀ káàkiri ní Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n fi wé egungun ọmọ náà, ó bá agbègbè tó wà láàárín Ìbàdàn àti ìlú Benin mu.

Ó tán síbẹ̀. Ẹ wọ mọ́tò láti Ìbàdàn lọ Benin, kẹ́ ẹ gba Ifẹ̀, Iléṣà, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀, kẹ́ ẹ wá ka agboolé tó wà lọ́nà! Ní 2011 àti 2013, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jáde fún un, kò sí èyí tí wọ́n rí ẹ̀rí rẹ̀. Ọdún 2006 ni wọ́n ti sin ín sí Lọ́ńdọ̀nù, wọn ò kọ orúkọ sí sàréè rẹ̀.

Mo sọ ìtàn yìí fún bàbá onílù kan ládùúgbò wa, mo ní bí wọ́n bá ní kí wọ́n ki ọmọ náà ńkọ́? Bàbá ní, "Ọmọ ta ni?" Mo ní wọn ò mọ̀. Wọ́n tún bi mí, "Ìyá rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ṣì wà láyé?"