Ìlú Ìràwọ̀, Ìletò Ìràwọ̀

Ní ọjà àdìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, mo dúró ti ìyá aláṣọ kan tó ń tú ìko lára aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú aró bọ̀. Ibi tí ìko dì kò gba aró, ó funfun tótòtó lára aṣọ dúdú náà bí ìràwọ̀ òru. Níbì kan wọ́n fọ́n ká, níbòmíràn wọ́n ṣù jọ. Mo rántí ọ̀rọ̀ tí mo ti ń wá: kí ni ká máa pe gálásì (galaxy) lédè Yorùbá?

Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àwọn ìràwọ̀ kan wà tí a bí pọ̀ lójú kan náà bí ọmọ ìyá. Àwọn ló ni ìṣùpọ̀. Gálásì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tiwa nìkan ní ìràwọ̀ tó lé ní bílíọ̀nù 100. Ó ní àárín, ó ní ẹ̀yìn odi, àwọn kan ń kú níbẹ̀, a sì ń bí òmíràn. Ìlú ìràwọ̀ ni mo pè é. Èyí tó kéré tó ń yí i ká, ìletò ìràwọ̀.

Ìṣe wọn ló ṣòro jù. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ní èyí ńlá ń jẹ èyí kékeré. Mo sọ ọ́ fún ìyá náà, ó ní: "Àwọn tí a jẹ yẹn, ṣé wọ́n ṣì mọ ilé bàbá wọn?"

Ìbéèrè ọmọ Ẹ̀gbá nìyẹn. Ní 1830 tí Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ àpáta Olúmọ, ìlú tí ogun tú lé ní 100: Aké, Kémta, Ìgbẹ̀in, Ìtòkú fúnra rẹ̀. Abẹ́òkúta tí wọ́n tẹ̀ dó síbẹ̀ ò jẹ ọ̀kankan nínú wọn. Ìtòkú gbé orúkọ rẹ̀ wá láti igbó Ẹ̀gbá, òun náà ló sì ń jẹ́ dòní.

Bẹ́ẹ̀ ló rí lókè. Ní 2018, Amina Helmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi iṣẹ́ sátẹ́láìtì Gaia rí ìràwọ̀ tí ìrìn wọn àti èròjà ara wọn yàtọ̀ sí ti onílé. Láti inú ìletò kan tó wọlé tọ̀ wá ní nǹkan bí bílíọ̀nù 10 ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti wá. Àmì yẹn ni mo pè ní orílẹ̀ ìràwọ̀, nítorí bí oríkì ṣe ń tú ilé ẹni ló ṣe ń tú tiwọn. Ìletò Sagittarius, tí wọ́n rí ní 1994, ṣì ń wọlé lọ́wọ́. Àwọn ìràwọ̀ rẹ̀ tò yí wa ká. Ìyẹn ni ọ̀wọ́ ìràwọ̀.

Nítorí náà, bí ńlá bá gba kékeré, ìgbàmọ́ra ni. Bí méjì tó tó ara wọn bá pàdé, ìdàpọ̀ ni.

Mo padà sọ fún ìyá náà pé: "Ìyá, ìlú ìràwọ̀ wa gba àwọn ìletò mọ́ra, wọn ò sì gbàgbé orílẹ̀ wọn." Ó tú ìko tó kù, ó ní: "Ó yé mi wàyí."