Habibullah Ọba Afghanistan Nínú Ogun Ọdún 1914

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1914 ni Súlútánì ilẹ̀ Tọ́kì, ẹni tí í ṣe Kálífà nígbà náà, kéde jìháàdì sí Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Rọ́ṣíà. Ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn yí sí Kabul. Ilẹ̀ Mùsùlùmí ni Afghanistan, Rọ́ṣíà wà lókè rẹ̀, Índíà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso wà nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni Amíìrì Habibullah ti ṣèlérí fún Gẹ̀ẹ́sì pé òun kò ní dá sí ìjà náà.

Àwọn kan a máa pè é ní ojo. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1879 ni Gẹ̀ẹ́sì ti gba ọ̀rọ̀ Afghanistan pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè sí ìkáwọ́ ara wọn, wọ́n sì ń san owó fún ọba lọ́dọọdún.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún 1915 parí, àwọn aṣojú Jámánì àti Tọ́kì la aṣálẹ̀ Páṣíà kọjá dé Kabul. Niedermayer àti von Hentig ló ṣáájú wọn. Mawlana Barkatullah àti Mahendra Pratap, àwọn ará Índíà tó ń jà fún òmìnira, wà pẹ̀lú wọn. Ọba fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tó wá gbà wọ́n lálejò, ó ní oníṣòwò ni òun kà wọ́n sí, kí wọ́n pàtẹ ọjà wọn kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí!

Nasrullah, àbúrò rẹ̀, fẹ́ kí wọ́n gbé ogun ti Gẹ̀ẹ́sì. Mahmud Tarzi, olóòtú ìwé ìròyìn Siraj al-Akhbar, ń kọ̀wé gbe Tọ́kì. Ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 1916, ọba bá Jámánì ṣe ìwé àdéhùn: ìbọn 100,000 àti mílíọ̀nù mẹ́wàá pọ́n-ùn. Ṣùgbọ́n ó ní àfi kí ọmọ ogun wọn kọ́kọ́ dé. Ta ni yóò kó ẹrù bẹ́ẹ̀ gba aṣálẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì àti Rọ́ṣíà ń ṣọ́? Kò pẹ́ tó fi tún ránṣẹ́ sí aṣojú Gẹ̀ẹ́sì pé ìlérí òun kò yẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì fi kún owó rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, àwọn ará Jámánì palẹ̀ ẹrù wọn mọ́.

Ogun parí, Habibullah béèrè òmìnira kíkún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀san. Kò rí ìdáhùn tó fẹ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1919, wọ́n yìnbọn pa á nínú àgọ́ níbi tó ti lọ ṣọdẹ. Àwọn òpìtàn kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó rán apànìyàn náà. Amanullah ọmọ rẹ̀ ló gbé ogun ti Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù karùn-ún, nígbà tí ogun ńlá ti tán wọn lókun. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ní Rawalpindi, wọ́n yọwọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ Afghanistan pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè.