Orúkọ Ta Ló Wà Lórí Ìwé Ilẹ̀? Pípín Dúkìá Lẹ́yìn Ìkọ̀sílẹ̀ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Nínú àṣà Yorùbá, ohun ìní ọkọ ọ̀tọ̀, ohun ìní ìyàwó ọ̀tọ̀. Obìnrin tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn ló ni èrè ọjà rẹ̀. Bó bá fi ra ilẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò jogún ilẹ̀ náà. Nítorí náà, bí ìgbéyàwó bá tú, ohun tí àwọn àgbà ń jókòó sọ ni bóyá ẹbí ìyàwó yóò dá owó orí padà, àti ọ̀dọ̀ ẹni tí àwọn ọmọ yóò máa gbé. Obìnrin á kó ẹrù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé kì í wáyé rárá.

Ètò yìí bá ìgbà rẹ̀ mu. Agboolé ni ọkọ ń mú ìyàwó wọ̀, ẹbí ló ni agboolé, kò sì sí ohun tí ẹni méjì lè pín níbẹ̀. Lónìí, tọkọtaya ní Ìbàdàn, Ìkòròdú tàbí Àkúrẹ́ ń kó owó oṣù, owó àjọ àti owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ jọ sórí ilé kan ṣoṣo, orúkọ ọkọ nìkan ló sì sábà máa ń wà lórí ìwé ilẹ̀. Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé òfin tó yẹ kó tún èyí ṣe gbòòrò tó; irú ẹ̀rí tí àwọn kóòtù ń béèrè ló sọ ọ́ di tóóró.

Abala 72 nínú Òfin Matrimonial Causes ti 1970, òfin Nàìjíríà lórí ìkọ̀sílẹ̀, fún adájọ́ lágbára láti pàṣẹ pé kí a ya dúkìá tí ọkọ tàbí aya ní sọ́tọ̀ fún ànfààní ẹnì kejì tàbí ti àwọn ọmọ, níwọ̀n bí ó bá ti rí i pé ó tọ́, ó sì yẹ. Kò sọ pé kí a pín in lọ́gbọọgba. Kò sì dárúkọ rìsíìtì. Ní 1986, Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn gbà pé ìrànlọ́wọ́ tí ìyàwó ṣe fún òwò ọkọ rẹ̀ tó ohun tí a lè torí rẹ̀ fún un nípìn-ín. Àmọ́ ní 1992, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ já obìnrin kan kulẹ̀ tó ní òun dá sí kíkọ́ ilé tí ọkọ òun tà. Wọ́n ní kò ṣàlàyé irú ohun tó dá, kò sì sọ bó ti pọ̀ tó. Láti ìgbà náà ni àwọn agbẹjọ́rò ti ń sọ fún obìnrin pé kó lọ wá ìwé wá. Ta ló ń gba rìsíìtì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀? Obìnrin tó dáná fún àwọn bíríkìlà, tó sì ń san owó ilé-ìwé kí owó oṣù ọkọ lè ráyè ra sìmẹ́ńtì, kò ní ìwé kankan tí yóò gbé sílẹ̀.

Abala 72 náà kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn. Abala 69 yọ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ àti ti Mùsùlùmí kúrò. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìbùkún ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìdána ti sọ tiwọn di ìgbéyàwó òfin. Bí ṣọ́ọ̀ṣì náà kò bá ní ìwé àṣẹ ìjọba, àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ kóòtù ìbílẹ̀ bíi ti Mápó ní Ìbàdàn ni wọn yóò bára wọn. Ibẹ̀ ń tú ìgbéyàwó ká, ó ń ṣètò owó oúnjẹ ọmọ, ó sì lè pàṣẹ pé kí wọ́n jẹ́ kí obìnrin kó ẹrù rẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù, sàdáákì àti èrè ọwọ́ obìnrin jẹ́ tirẹ̀, ilé ọkọ sì jẹ́ ti ọkọ.

Ẹjọ́ kan tó la Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù já jẹ́ ká rí bí ojú ìwòye ṣe lè yàtọ̀. Tọkọtaya ará Nàìjíríà kan, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìlú Bìrìtéènì pẹ̀lú, ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nínú ìgbéyàwó, wọ́n sì bí ọmọ márùn-ún. Dúkìá wọn tó nǹkan bí £700,000. Ilé méjì ní Lọ́ńdọ̀nù, lórúkọ ọkọ, ló kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ní 2005, kóòtù Èkó ní kí ìyàwó máa lo ilé kan ní Èkó títí ayé rẹ̀, ilé tó tó nǹkan bí £83,000, kó sì gba nǹkan bí £21,000 lé e. Ìyàwó náà gba kóòtù Lọ́ńdọ̀nù lọ lábẹ́ òfin Bìrìtéènì ti 1984 tó fàyè gba ẹni tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ ní òkèèrè láti béèrè owó tàbí dúkìá níbẹ̀. Adájọ́ Coleridge fún un ní £275,000, bó bá ti jọ̀wọ́ ilé Èkó. Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ibẹ̀ fagi lé e, ṣùgbọ́n ní oṣù Ẹrẹ́nà 2010, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Bìrìtéènì dá a padà. Ibi tí obìnrin náà yóò máa gbé, àti bí ìdílé náà ṣe so mọ́ Bìrìtéènì, ni wọ́n wò. Abala 72 tiwa fàyè gba irú ìwòye bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ṣòro jù ni ilé tí a kọ́ sórí ilẹ̀ ẹbí ọkọ. Adájọ́ kò lè fa ilẹ̀ ẹbí lé ìyàwó lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò sì lè tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí kóòtù díwọ̀n ohun tí ìyàwó dá sí ilé náà, kó sì ní kí ọkọ san án lówó. Káàdì àjọ, ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, alẹ́ẹ̀tì báńkì àti ẹ̀rí ẹnu bíríkìlà tó jẹun níbẹ̀ yẹ kó tó fún ìdíwọ̀n náà.